Bí Àwọn Ọ̀rẹ́ Tó Ń Rán Aṣọ Àtòpọ̀ Ṣe Lè Jọ Dán Aró àti Òǹtẹ̀ Wò ní Kétu

Aṣọ tí a óò gé sí wẹ́wẹ́, tí a óò sì tún rán pọ̀ di aṣọ ìbora, ń béèrè ohun tí ìró kì í béèrè lọ́wọ́ aláró. Bí aró bá ń ṣí lára ìró, ìró náà nìkan ni yóò ṣá, ṣùgbọ́n bí ó bá ń ṣí lára ègé kan ṣoṣo nínú aṣọ àtòpọ̀, gbogbo ègé funfun tó yí i ká ni yóò kó àbàwọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá fọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà. Òṣùpá ràgàjì, ìyẹn àmì roboto tí dídì aṣọ ń fi sára àdìrẹ, tó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀, a máa dára púpọ̀ lára ìró, ṣùgbọ́n bí a bá gé aṣọ náà sí ègé tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, òṣùpá ti fọ́, ohun tó kù kò sì ju igun kan àti ìlà méjì tí kò ní ìtumọ̀ lọ. Nítorí náà, ohun tí mo ń rọ àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ ń rán aṣọ sí ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki òdindi aṣọ bọ aró kí ó tó mọ bí aró náà yóò ṣe rí lára ègé kékeré, bí yóò ṣe rí lẹ́yìn fífọ̀, àti bí yóò ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ègé mìíràn. Ìlànà tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wà fún obìnrin mẹ́rin sí mẹ́fà tí wọ́n fẹ́ pàdé ní àgbàlá kan, kí wọ́n jọ dán ọ̀nà oríṣiríṣi wò, kí olúkúlùkù sì kó ègé gbogbo wọn lọ sílé.

Kétu ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ ibi tó yẹ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá dàgbà níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń jó, tó sì ti ń rí bí oníjó kan ṣoṣo ṣe ń gbé ìró àti gèlè ọ̀pọ̀ obìnrin sára lẹ́ẹ̀kan náà, ti kọ́ ojú rẹ̀ láti máa wo àwọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀ kí ó tó mú abẹ́rẹ́ rárá. Agọ̀ egúngún tún fi hàn wá pé ègé aṣọ wẹ́wẹ́, nígbà tí a bá tò ó dáadáa, a máa ní ọlá ju òdindi aṣọ lọ. Ní ti ohun èlò, ohun tí a kò bá rí ní ọjà Kétu, a lè rí i ní ọjà Wàndó ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tàbí kí a rán ẹni tó ń gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí àwọn oníṣòwò àdìrẹ ní Ìtòkú ti ń ta aró àti aṣọ funfun.

Kí ẹ tó pàdé, ẹ pín iṣẹ́. Kí ẹnì kan mójú tó ìkòkò aró, kí ẹlòmíràn se ẹ̀kọ láfún tí a fi ń dí aró lọ́nà lára aṣọ, kí ẹnì kẹta gbẹ́ òǹtẹ̀, kí àwọn yòókù máa di aṣọ tàbí kí wọ́n máa fi abẹ́rẹ́ ká a jọ. Bí ẹ bá jẹ́ márùn-ún, kí olúkúlùkù ṣe ègé márùn-ún lọ́nà kan náà, ọ̀kan fún ara rẹ̀ àti ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni gbogbo yín yóò fi ní àpẹẹrẹ gbogbo ọ̀nà lọ́wọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ má ṣe fi bírò kọ nǹkan sára aṣọ, nítorí pé omi aró yóò pa á rẹ́. Òwú funfun tó nípọn ni kí ẹ fi sàmì sí igun aṣọ: kókó kan fún aṣọ tó wọ aró lẹ́ẹ̀kan, kókó méjì fún èyí tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kí akọ̀wé yín sì ní ìwé tí yóò máa kọ ìwọ̀n, àkókò àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, nítorí pé àwọ̀ dáradára tí a kò mọ bí a ṣe dé ibẹ̀ kò ṣe é tún ṣe.

Mímú aṣọ wá sí ipò tó yẹ

Aṣọ òwú nìkan ni kí ẹ lò. Tẹ́ẹ́rù funfun tó fẹ́lẹ́ ló dára jù fún aṣọ àtòpọ̀, nítorí pé abẹ́rẹ́ a máa gba inú rẹ̀ kọjá wẹ́rẹ́. Bàsẹ̀ẹ̀ǹ tó ń dán dára fún agbádá, ṣùgbọ́n ó le jù fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ rán ìpele mẹ́ta aṣọ ìbora (ojú, àárín àti ìsàlẹ̀) papọ̀. Ọ̀pọ̀ aṣọ tí wọ́n ń pè ní òwú lọ́jà ni wọ́n ti fi pọlíẹ́sítà lú, aró tí a ó lò yìí kì í sì í wọ pọlíẹ́sítà. Láti mọ èyí tó jẹ́ òwú gidi, ẹ tú fọ́nrán díẹ̀ létí aṣọ náà, kí ẹ sì fi iná sí i: òwú a máa jó bí ìwé, eérú rẹ̀ a sì máa rọ̀, ṣùgbọ́n pọlíẹ́sítà a máa yọ́, yóò sì di kókó líle ní orí rẹ̀.

Aṣọ tuntun ní sítáàṣì àti ọ̀rá lára, bí ó tilẹ̀ funfun báláú. Bí ẹ kò bá kó o kúrò, aró yóò gbá mú níbì kan, yóò sì fo ibòmíràn. Fún aṣọ tó wúwo tó kílò kan, ẹ fi nǹkan bí 20 gíráàmù sódà ìfọṣọ àti ọṣẹ díẹ̀ sínú omi tó bo aṣọ náà dáadáa, kí ẹ sì jẹ́ kí ó máa hó díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi tó máa jáde yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ẹ ṣan aṣọ náà títí omi yóò fi mọ́, ẹ sá a, lẹ́yìn náà kí ẹ kán omi kan ṣoṣo sí i. Bí omi náà bá wọlé lójú ẹsẹ̀, aṣọ ti ṣetán. Bí ó bá dúró lórí bí ìrì lórí ewé kókò, ẹ tún un sè. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó gé e sí ègé tó gùn ní 30 sẹ̀ǹtímítà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé aṣọ tí a gé kí a tó sè é yóò sún kì, ìwọ̀n yín kò sì ní bára mu mọ́.

Ìkòkò aró

Kò sí ibi tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ tó ibí yìí. Aró búlúù, ìbáà jẹ́ ti ewé èlú tàbí lẹ́búlẹ́bú tí ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1897, ohun kan náà ni nínú ìṣẹ̀dá rẹ̀, ìwà rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan: kì í yòrò nínú omi lásán. Kí ó tó lè wọnú òwú, a gbọ́dọ̀ kó ọ́síjìn kúrò lára rẹ̀ nínú omi tó ní agbára bí omi eérú. Nígbà náà ni yóò yòrò, tí omi yóò sì di aláwọ̀ ewé tó pọ́n díẹ̀. Bí a bá wá fa aṣọ jáde, atẹ́gùn yóò dá ọ́síjìn rẹ̀ padà fún un, àwọ̀ ewé yóò di búlúù lójú wa, aró náà yóò sì há sínú fọ́nrán aṣọ. Àwọn ìyá wa mọ gbogbo èyí láìsí ìwé. Wọ́n ń gún ewé èlú, wọ́n ń rọ ọ́ ní ìṣù, wọ́n ń sá a gbẹ, wọ́n ń sẹ́ omi eérú láti inú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á sì fi ìṣù èlú sínú omi náà fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan. Bí ẹ bá ní ìyá àgbà kan lágbolé tó ti ṣe iṣẹ́ aró rí, ẹ lọ kí i, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé aró ti tó?" Ohun tó máa sọ nípa òórùn àti ìfóòfó ìkòkò yóò wúlò fún yín pẹ̀lú ìkòkò òde òní.

Ọ̀pọ̀ aláró lóde òní ń lo kẹ́míkà méjì tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì àti háídírò, nítorí pé wọ́n yára. N kò gba ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń pàdé nílé níyànjú láti fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kọ́sítíìkì a máa jó ara, ó sì lè fọ́ ojú. Háídírò a máa gbiná bí ọ̀rinrin bá wọ inú rẹ̀. Àgbàlá wa sì kún fún ọmọdé. Ọ̀nà tí mo yàn rọrùn láti rántí: ìdá kan aró, ìdá méjì ẹfun ìkunlé tí àwọn mọ́ọ̀lé ń pè ní chaux, ìdá mẹ́ta ṣúgà èso (fructose). Fún omi 20 lítà, ẹ lo 100 gíráàmù aró lẹ́búlẹ́bú, 200 gíráàmù ẹfun, àti 300 gíráàmù ṣúgà èso. Ṣúgà tí a ń fi sínú kọfí kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé kò lè kó ọ́síjìn kúrò lára aró. Oyin gidi lè ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ kún ìwọ̀n rẹ̀ nítorí omi tó wà nínú oyin. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù náà wúlò: ẹ gé e, ẹ sè é, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì lo omi rẹ̀.

Ẹ fi omi gbígbóná po aró náà kí ó dán bí ẹ̀kọ mímu, kí ó má ṣe ní kókó. Ẹ̀rọ̀ kan wà tó dára fún èyí: ẹ da á sínú ìgò pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ mélòó kan, kí ẹ dé e, kí ẹ sì mì ín dáadáa. Ẹ da omi tó gbóná tó nǹkan bí dígíríì 50 sí 60 sínú korobá oníke tó ní ìdérí. Ẹ má ṣe lo ìkòkò tí ẹ fi ń dáná oúnjẹ, ẹ má sì lo ti alumíníọ̀mù, nítorí pé ẹfun yóò jẹ ẹ́. Ẹ fi ṣúgà tàbí oyin sí i, ẹ da aró sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ máa bu ẹfun sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ìbọ̀wọ́ rọ́bà sọ́wọ́, kí ẹ sì bo imú nígbà tí ẹ bá ń bu ẹfun náà, torí pé ìyẹ̀fun rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Igi gígùn ni kí ẹ fi rò ó, ní ìhà kan ṣoṣo, láìgbọn atẹ́gùn sínú rẹ̀. Ẹ dé e. Lẹ́yìn wákàtí kan ẹ tún un rò, kí ẹ sì tún un rò lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn wákàtí mìíràn, kí ẹ tó jẹ́ kí ó rọlẹ̀.

Bí ó bá ti tó, ẹ óò rí awọ tó ń dán bí bàbà lórí omi, pẹ̀lú ìfóòfó búlúù láàárín. Bí ẹ bá fi ṣíbí tẹ ìfóòfó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò mọ́ gaara, yóò sì ní àwọ̀ ewé tó ń lọ sí ti ọtí bíà. Ẹ ki ègé ìdánwò kan sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jáde ní àwọ̀ ewé, tó sì ń di búlúù díẹ̀díẹ̀ lójú yín, ìkòkò yín wà láàyè. Bí ó bá jáde ní búlúù láti inú omi, aró náà kò tíì yòrò: ẹ mú un gbóná díẹ̀ sí i, ẹ fi oyin kún un, kí ẹ sì ní sùúrù. Sùúrù ló ń gba ọ̀pọ̀ ìkòkò là, nítorí pé ẹni tí kò lè dúró a máa da ohun rere nù pẹ̀lú èrò pé ó ti bàjẹ́.

Ẹ rẹ aṣọ sínú omi lásán ṣáájú, kí ẹ fún un, kí ẹ sì rọra rì í sínú aró láìjẹ́ kí ó kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹfun tó wà nísàlẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ oníke tí a dojú rẹ̀ dé nísàlẹ̀ korobá yóò ṣe ìyẹn fún yín. Ìṣẹ́jú márùn-ún nínú aró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú atẹ́gùn: èyí ni ìwọ̀n kan. Wíwọ aró lọ́pọ̀ ìgbà fún àkókò kúkúrú ló ń mú búlúù jinlẹ̀, tó sì ń di ara aṣọ mú, kì í ṣe rírẹ̀ ẹ́ sùn nínú aró mọ́jú. Ẹ ṣe ègé kan fún ìwọ̀n kan, òmíràn fún ìwọ̀n méjì, òmíràn fún mẹ́rin, àti òmíràn fún mẹ́fà, ẹ óò sì rí i bí ayìnrín fẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ń rìn lọ sí búlúù tó ń ṣú bí ẹni pé dúdú ni. Àwọn ègé mẹ́rin yìí ni ọrọ̀ tó tóbi jù nínú iṣẹ́ ọjọ́ náà, nítorí pé aṣọ àtòpọ̀ tí a fi oríṣiríṣi ìjìnlẹ̀ búlúù kan ṣoṣo tò a máa dùn wò ju èyí tí a kó àwọ̀ mẹ́wàá sí lọ. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì dúró lé e.

Dídì, fífi abẹ́rẹ́ ká jọ, àti ẹ̀kọ láfún

Ní ti àdìrẹ oníko, ohun tó yẹ kó wà lọ́kàn yín ni ìwọ̀n. Dípò òkúta ńlá, ẹ fi ọkà bàbà, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà sínú aṣọ, kí ẹ fi ìko dì í ṣinṣin, kí ẹ sì jẹ́ kí àyè tó wà láàárín wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún. Báyìí, ibikíbi tí àlùmọ́gàjí bá gbà kọjá, òṣùpá kékeré kan ó kéré tán yóò kù lódindi nínú ègé náà. Bí ẹ kò bá rí ìko, okùn ọ̀rá tí a ya tẹ́ẹ́rẹ́ yóò ṣiṣẹ́. Àdìrẹ alábẹ́rẹ́ gba àkókò jù, ṣùgbọ́n àwa tí abẹ́rẹ́ jẹ́ iṣẹ́ wa kò yẹ kí a bẹ̀rù rẹ̀: ẹ ṣẹ́ aṣọ po, ẹ fi òwú onílọ̀ọ́po méjì rán an lọ gbọọrọ, ẹ fà á títí yóò fi ká jọ pátápátá, kí ẹ sì ta kókó rẹ̀. Ìlà funfun tó máa jáde bí egungun ẹja dára fún etí aṣọ ìbora.

Ẹ̀kọ láfún ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ó fún ọwọ́ ní òmìnira láti yàwòrán. Ẹ sẹ́ láfún kí ó kúná, ẹ fi omi tútù pò ó, ẹ fi álúmù tó kún ṣíbí kékeré kan sí ife láfún kan, kí ẹ sì máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki, tí yóò máa já bọ́ láti ara ṣíbí pẹ̀lú ìlọ́ra. Àwọn àgbà a máa fi òkúta búlúù tó jẹ́ sọ́fẹ́ẹ̀tì bàbà sí i, ṣùgbọ́n májèlé ni, iṣẹ́ wa sì lè lọ láìsí i. Nígbà tí ó bá tutù, ẹ fi ìyẹ́ adìẹ, igi ìgbálẹ̀ tàbí ìyarun fi í yàwòrán sí ojú kan aṣọ gbígbẹ. Ìyarun tí a fà kọjá nínú ẹ̀kọ náà a máa fi ìlà wẹ́wẹ́ tó bára mu sílẹ̀, irú ìlà bẹ́ẹ̀ kì í sì í ní ibi tó burú láti gé. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ délẹ̀délẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ dára fún èyí, bí ẹ bá lè bo aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ eruku.

Aṣọ ẹlẹ́kọ gbọ́dọ̀ wọ aró tó ti tutù, torí pé ooru yóò tú ẹ̀kọ náà. Ẹ má ṣe rẹ ẹ́ sínú omi ṣáájú, ẹ má ṣe fún un, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ pa á. Ẹ na án sórí férémù igi tàbí kí ẹ di igun mẹ́rin rẹ̀ mú, kí ẹ jẹ́ kí ó wọ aró fún ìṣẹ́jú méjì péré, kí ẹ sì sá a ní títẹ́. Ìwọ̀n mẹ́ta irú èyí tó. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù kí ẹ sì ha ẹ̀kọ náà kúrò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ibi tó bò yóò jáde ní funfun tàbí ní ayìnrín tó fẹ́ẹ́rẹ́ gan-an.

Àbẹ́là yíyọ́ náà ń dí aró lọ́nà, ó sì yára, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yọ́ ọ lórí iná tààrà. Ìkòkò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìkòkò omi gbígbóná, kí ìdérí sì wà nítòsí láti fi pa iná bí ó bá mú, nítorí pé omi kì í pa iná àbẹ́là, ńṣe ni yóò fọ́n ọn ká.

Òǹtẹ̀ orí aṣọ

Fóòmù àkéte àtijọ́ tí a fi bíléèdì gé, ilá tí a gé ní ìbú, àti ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní ihò wẹ́wẹ́ nínú jẹ́ òǹtẹ̀ tí a kò ní náwó lé lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ igbá fín ni kí ẹ fi ṣe olórí ìhà yìí. Àwọn oníṣẹ́ àdíńkra ní Ntonso ní orílẹ̀-èdè Gánà ń fi èèpo igbá gbẹ́ òǹtẹ̀ wọn, wọ́n ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì ń yí ojú rẹ̀ tó tẹ̀ kọlọbọ lórí aṣọ láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Èèpo igi tí wọ́n ń sè fún àwọ̀ dúdú wọn ni igi tí àwa ń pè ní ìrà ọ̀dàn, igi tí kò ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ wa. Ẹ gbẹ́ òǹtẹ̀ tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ.

Láti rí àwọ̀ eérú tó ń lọ sí dúdú, a óò mú kí irin pàdé ohun tó ń mú ẹnu fà nínú ewé àti èèpo igi. Ewé àyìn, tí ó pọ̀ láti Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ní ohun náà púpọ̀, ó sì ń fún aṣọ ní àwọ̀ ìyeyè. Ewé yìí kan náà ni àwọn aláró ilẹ̀ Málì ń lò kí wọ́n tó fi ẹrẹ̀ yàwòrán sórí aṣọ bógólàn. Ẹ wọn ewé gbígbẹ tó wúwo tó aṣọ yín, ẹ sè é fún wákàtí kan, ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì rẹ aṣọ sínú omi rẹ̀ mọ́jú. Ẹ fún un kí ẹ sì sá a láìṣàn án. Ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kí ẹnì kan ti kó ìṣó tó dógùn-ún sínú ìgò fínígà tí a fi omi là, láìdé e pinpin, títí omi náà yóò fi pọ́n bí ilẹ̀ pupa. Ẹ se sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kí ó ki, kí ẹ sì pín in sí abọ́ mẹ́ta: sínú ṣíbí sítáàṣì méjì ẹ fi ṣíbí omi irin kan, sínú mẹ́rin ẹ fi ọ̀kan, sínú mẹ́jọ ẹ fi ọ̀kan. Ẹ tẹ òǹtẹ̀ kan náà pẹ̀lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí ègé kan, kí ẹ sì fi wákàtí mélòó kan sílẹ̀ fún un, torí pé àwọ̀ náà yóò máa ṣú sí i nínú atẹ́gùn.

Ó ṣeé ṣe kí èyí tó le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wu yín jù. Ẹ ro ó dáadáa. Irin tó pọ̀ jù a máa jẹ òwú díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ọdún mélòó kan ibi òǹtẹ̀ náà yóò máa ya nígbà tí ìyókù aṣọ ṣì lágbára. Ẹ yan èyí tí kò le jù tó ṣì hàn kedere. Bí ó bá gbẹ, ẹ ṣàn án nínú omi tí a fi ẹfun díẹ̀ sí láti pa oró fínígà, lẹ́yìn náà nínú omi lásán. Bí ẹ bá fẹ́ kí búlúù àti òǹtẹ̀ wà lórí aṣọ kan náà, aró ni kí ó ṣáájú, nítorí pé agbára ìkòkò aró yóò ba iṣẹ́ irin àti ewé jẹ́.

Fún àwọ̀ pupa, ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta wàgàsì, ìyẹn wàrà dídì. Pòròpórò ọkà bàbà tí wọ́n ń sè pẹ̀lú kán-ún láti fi pa wàgàsì láró yóò pa òwú náà, pàápàá bí a bá ti rẹ aṣọ sínú omi álúmù ṣáájú. Ewé tíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tí a tẹ́ sórí aṣọ, tí a fi ọ̀rá bò, tí a sì fi òòlù lù, a máa fi àwòrán ara rẹ̀ sílẹ̀ ní pupa tó ń lọ sí ti àlùbọ́sà. Àwọ̀ méjèèjì dùn wò, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ gbà wọ́n gbọ́ kí ẹ tó rí ohun tí oòrùn yóò ṣe sí wọn.

Kí abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́

Ẹ fọ gbogbo ègé pẹ̀lú ọṣẹ títí omi yóò fi mọ́. Ègé tó wọ aró búlúù, ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi tí a kán fínígà díẹ̀ sí, kí ẹfun tó kù lára rẹ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rí mẹ́ta ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ègé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ ra á lára ní ìgbà mẹ́wàá. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun tútù lé e, kí ẹ sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi páálí bo ìdajì rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Búlúù tó jinlẹ̀ lè fi díẹ̀ sílẹ̀ lára aṣọ gbígbẹ, èyí kì í ṣe àbùkù ńlá, ṣùgbọ́n bí ó bá fi àbàwọ́n sára aṣọ tútù, ẹ tún un fọ̀. Bí kò bá sì dáwọ́ dúró, ẹ má ṣe fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun. Ègé tó ṣá nínú oòrùn kò sọnù: ẹ dá a padà sínú aró búlúù, pupa tó kù nísàlẹ̀ búlúù náà yóò fún un ní ìjìnlẹ̀ tí búlúù nìkan kò ní.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tò ó, ẹ tẹ́ gbogbo ègé sórí ẹní, láti orí èyí tó mọ́lẹ̀ jù dé èyí tó ṣú jù, kí ẹ dìde, kí ẹ sì wò ó láti òkèèrè. Bí ojú kò bá dá yín lójú, ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ ní dúdú àti funfun. Ègé méjì tó bá rí bákan náà nínú àwòrán náà kì yóò yàtọ̀ síra lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ọ̀kan tilẹ̀ jẹ́ pupa tí èkejì jẹ́ búlúù. Ẹ fi milimítà mẹ́fà sílẹ̀ fún ojú ìrán, kí ẹ sì tẹ ojú ìrán náà sí ìhà ègé tó ṣú, kí ó má baà hàn lábẹ́ funfun. Fún ooru ilẹ̀ wa, ìró àtijọ́ tó ti rọ̀ tó fún àárín, kò sí ìdí láti wá òwú tó nípọn. Bí ẹ bá wá ń rán ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀, ẹ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ìlà tí ẹ̀kọ tàbí ìyarun ti fà sílẹ̀, dípò kí ẹ fa ìlà tuntun lé e lórí.

Ní ti ìkòkò aró, ẹ má ṣe dà á nù lẹ́yìn ọjọ́ kan. Kí ọ̀kan nínú yín gbà á sílé, kí ó dé e pinpin kúrò lọ́wọ́ ọmọdé, kí ó sì máa rò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bí ó bá ku ọjọ́ méjì kí ẹ tún pàdé, kí ó bu díẹ̀ nínú omi rẹ̀, kí ó gbé e kaná nínú ìkòkò tí kì í ṣe ti oúnjẹ, kí ó dá a padà sínú rẹ̀, kí ó fi oyin kún un, kí ó sì fi ẹfun díẹ̀ sí i bí omi náà kò bá yọ̀ mọ́ láàárín ìka ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí oyin àti ẹfun kò bá mú àwọ̀ ewé padà mọ́, tí aṣọ sì ń jáde ní ayìnrín tí kò le, aró inú rẹ̀ ti tán: ẹ fi fínígà pa agbára rẹ̀, kí ẹ da omi rẹ̀ sórí ilẹ̀ tó jìnnà sí kànga, kí ẹ sì po òmíràn.